KÁMÚṢÁFÙTÌ TITUN, TÁPẸ́Ẹ̀TÌ ÀTIJỌ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mu gidigidi. Bí ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù onídísù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí agbára rẹ̀ sì ń dínkù nígbà tí ó bá ń fa ẹrù gun òkè, nọ́sù tàbí dísù tí ó dọ̀tí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Nígbà mìíràn, ohun tí ó ń jẹ ẹ́ńjìnnì náà run wà ní inú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò tó: kámúṣáfùtì àti àwọn tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni. Àtúnṣe irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin onímọ́tò àti mẹ́káníìkì: bí kámúṣáfùtì bá jẹ, ṣé òun nìkan ni a ó pààrọ̀ ni, àbí a ó pààrọ̀ gbogbo tápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú rẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, ó yẹ kí a mú ẹ́ńjìnnì kan pàtó. Ní ọdún 1919 ni a dá ilé iṣẹ́ Cummins sílẹ̀ ní ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì wọn onísílíńdà mẹ́fà, tí ó jẹ́ lítà 5.9, wọ inú pikọ́ọ̀pù Dodge ti ọdún 1989. Títí di ọdún 1998, fáàfù 12 ni ẹ́ńjìnnì inú pikọ́ọ̀pù náà ní, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ń fi ọkọ̀ fa màlúù lọ sí ọjà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí agbára rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ìran ẹ́ńjìnnì kan náà ni ó ń yí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan.

Kámúṣáfùtì jẹ́ ọ̀pá irin gígùn tí a tẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kókó méjìlá wà lára rẹ̀ fún àwọn fáàfù méjèèjìlá. Ọ̀kan sì tún wà fún pọ́ǹpù kékeré tí ń fa dísù láti inú táǹkì. Àwọn kókó ti fáàfù kò rí roboto. Wọ́n ní ṣónṣó lápá kan bí ẹyin adìẹ. Orí kókó kọ̀ọ̀kan ni tápẹ́ẹ̀tì kan jókòó lé. Nígbà tí ṣónṣó kókó bá yí dé òkè, yóò ti tápẹ́ẹ̀tì sókè. Tápẹ́ẹ̀tì yóò ti ọ̀pá tín-ín-rín tí a ń pè ní púṣírọ́ọ̀dù. Púṣírọ́ọ̀dù yóò gbé ìdí rọ́kà sókè, imú rọ́kà yóò sì tẹ fáàfù kí ó ṣí. Bí ṣónṣó náà bá ti kọjá, sípíríǹgì yóò dá fáàfù padà sí àyè rẹ̀. Fáàfù kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń lé èéfín jáde.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kíráńkì ń yí kí kámúṣáfùtì tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, kókó kọ̀ọ̀kan yóò gbé tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè ní ìgbà 1,000 láàrin ìṣẹ́jú náà, èyí tí í ṣe ìgbà 60,000 ní wákàtí kan. Irin ni ó ń yún irin. Ohun kan ṣoṣo tí ó là wọ́n ni epo ẹ́ńjìnnì tí ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ.

Bí ènìyàn bá fi ojú lásán wo ìdí irú tápẹ́ẹ̀tì yìí, yóò rò pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ ikùn díẹ̀ kín-ún ní àárín, wọ́n sì ṣètò kókó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó má ṣe kàn án ní àárín gbùngbùn, bí kò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nípa bẹ́ẹ̀, bí kókó ti ń gbé tápẹ́ẹ̀tì sókè ni ó ń yí i. Tápẹ́ẹ̀tì tí ó bá ń yí kì í jẹ ní ojú kan. Ọjọ́ tí ó bá kọ̀ tí kò yí mọ́ ni ìparun bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ọlọ dáadáa yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyá ilé bá ti ń lọ ata fún ọdún púpọ̀, àyà ọlọ yóò jìn, ọmọ ọlọ pẹ̀lú yóò sì jẹ títí tí yóò fi bá ìjìn náà mu. Bí ọmọ ọlọ náà bá fọ́, tí a sì lọ mú ọmọ ọlọ mìíràn wá, yóò máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ata kò sì ní kúnná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tápẹ́ẹ̀tì àti kókó tí ó ń bá ṣiṣẹ́: wọ́n ti jẹ mọ́ ara wọn. Bí a bá gbé tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé kámúṣáfùtì titun, ìdí rẹ̀ tí ó ti jìn kò ní jẹ́ kí ó yí bí ó ti yẹ, yóò sì máa fá ojú kókó titun náà. Ti ọlọ tilẹ̀ sàn, nítorí pé ata tí kò kúnná ni àdánù rẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnnì, ìyẹ̀fun irin tí ó ń bọ́ yóò bá epo yí ká, yóò sì máa ha àwọn béárínnì tí ó gbé kíráńkì ró.

Kí ni ó ń fa ìjẹrà yìí? Epo tí a kò pààrọ̀ ní àsìkò ni olórí rẹ̀. Epo tí kò tó, epo tí kò bá ẹ́ńjìnnì onídísù mu, àti àlàfo fáàfù tí a kò yẹ̀ wò fún ọdún púpọ̀ náà wà níbẹ̀. Àmì rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀. Ariwo kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yóò máa padà wá lẹ́yìn tí a bá ti tún àlàfo fáàfù ṣe, ẹ́ńjìnnì lè máa wúkọ́ sínú páìpù afẹ́fẹ́, bí a bá sì la fíltà epo, a ó rí irin tí ó ń dán nínú rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó dájú jù ni kí a gbé géèjì lé orí àwọn púṣírọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́. Gbogbo kókó ti fáàfù tí ń gba afẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí ó gbé géèjì dé ibì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí ń lé èéfín. Èyí tí kò bá gbé e tó ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti jẹ.

Onímọ́tò lè sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kókó kan ṣoṣo ló jẹ. Ẹ jẹ́ ká ra kámúṣáfùtì, ká fi tápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ títí owó yóò fi wọlé.” Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ náà bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ó ṣe kí ọwọ́ tó tó kámúṣáfùtì náà ni kí ó rò. A ó tú rádíétọ̀, fáànù àti irin iwájú ọkọ̀ kúrò, nítorí ọ̀nà iwájú ni ọ̀pá gígùn náà yóò gbà jáde. A ó ṣí ìdérí fáàfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a ó yọ àwọn rọ́kà, a ó sì to àwọn púṣírọ́ọ̀dù ní ẹsẹẹsẹ. A ó tú pọ́ǹpù kékeré ti dísù àti ìdérí jíà iwájú. Bí tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bá ba kámúṣáfùtì titun jẹ́, gbogbo iṣẹ́ yìí ni a ó tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tí ó rò pé òun fi pamọ́ yóò di ìlọ́po méjì lọ́rùn rẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà tí ó fi iṣẹ́ yìí hàn ní iṣẹ́ àgbà. Tápẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì yìí rí bí olú tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀: ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, nítorí náà kò ṣeé fà yọ láti òkè. Bí kámúṣáfùtì bá sì jáde láìsí ohun tí ó dì í mú, yóò já bọ́ sísàlẹ̀. Àwọn mẹ́káníìkì a máa gbẹ́ ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjìlá, wọn a kàn wọ́n bọ inú tápẹ́ẹ̀tì láti ojú ihò púṣírọ́ọ̀dù, wọn a fà wọ́n sókè, wọn a sì fi rọ́bà so wọ́n mọ́ra ní méjì-méjì. Kí wọ́n tó fa kámúṣáfùtì jáde, wọn yóò yí ẹ́ńjìnnì títí àmì ara àwọn jíà yóò fi ko ara wọn lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ti ọpọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọ̀pá tí a là sí méjì sínú ihò kámúṣáfùtì, wọn yóò sọ tápẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọn yóò sì fà á jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é títí yóò fi pé méjìlá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀, tí a sì lè dorí rẹ̀ kodò, iṣẹ́ náà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà ìdápadà, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A ó kọ́kọ́ fọ sọ́ǹpù mọ́ kúrò nínú ìyẹ̀fun irin, a ó sì yẹ béárínnì wò. A ó fi gíríìsì tí a ṣe fún kámúṣáfùtì titun pa gbogbo kókó àti ìdí tápẹ́ẹ̀tì. Àmì jíà kámúṣáfùtì gbọ́dọ̀ bá ti kíráńkì àti ti pọ́ǹpù ńlá tí ń pín dísù mu. Bí eyín jíà bá ṣì, fáàfù lè kọ lu písítìn. Níwọ̀n ìgbà tí iwájú ẹ́ńjìnnì ti ṣí sílẹ̀, kí a má gbàgbé èèkàn irin kékeré kan tí ó wà nínú ilé jíà ẹ́ńjìnnì onífáàfù 12 yìí. Ó lè rọra yọ, kí ó sì já sáàrin àwọn jíà. Pẹ́ńpẹ́ irin kan tí a fi bóòtù dè mọ́ ẹnu ihò rẹ̀ ti tó láti dá a dúró. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣètò àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: mìlímítà 0.25 fún èyí tí ń gba afẹ́fẹ́, mìlímítà 0.50 fún èyí tí ń lé èéfín.

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó ń sọ bí kámúṣáfùtì náà yóò ti pẹ́ tó. A ó kọ́kọ́ ti dísù pa, a ó sì fi mọ́tò ìdáná yí ẹ́ńjìnnì títí epo yóò fi dé ibi gbogbo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí ó máa rọra kùn. Epo tí kíráńkì ń fọ́n ká ni ó ń bọ́ sára àwọn kókó, kíráńkì tí kò bá sì yára kò ní fọ́n ún dáadáa. Nítorí náà, a ó gbé e dé nǹkan bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, a ó máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, a ó sì tún máa gbé e sókè, títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Lẹ́yìn náà, a ó pààrọ̀ epo àti fíltà, a ó sì tún àlàfo fáàfù yẹ̀ wò.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ni ó rí báyìí. Pikọ́ọ̀pù Ford tí ó ní ẹ́ńjìnnì Power Stroke lítà 7.3 ń lo tápẹ́ẹ̀tì oníkẹ̀kẹ́, tí àgbá kékeré ń yí gbirigbiri ní ìdí rẹ̀. Irú èyí kì í yún kókó bí ti àkọ́kọ́, epo ni ó sì ń dí àlàfo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí àgbá náà bá ti ní egbò tàbí tí ó ń mì, kò yẹ kí a dá a padà sórí kámúṣáfùtì titun.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Onímọ́tò tí owó rẹ̀ kò bá tó ra kámúṣáfùtì àti tápẹ́ẹ̀tì pọ̀, ó sàn fún un kí ó gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ títí owó yóò fi pé, ju kí ó ra ìdajì kí ó sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ dára jù lọ ni kí ó máa pààrọ̀ epo ní àsìkò, kí ó sì jẹ́ kí a máa yẹ àlàfo fáàfù wò, nítorí pé owó epo kò tó owó ẹ́ńjìnnì.