Bábílónì: Ìlú tí Amọ̀ ti Ń Jẹ́rìí sí Ìgbéyàwó

Bí a bá dárúkọ Bábílónì, ọba Nebukadinésárì tó kó àwọn ará Jerúsálẹ́mù nígbèkùn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ìlú náà ti di olókìkí kí wọ́n tó bí ọba yìí. Ìtàn rẹ̀ kì í sì í ṣe ìtàn ogun nìkan. Ìtàn ọkọ àti aya, òbí àti ọmọ, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Etí odò Yúfírétì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, ni Bábílónì wà. Òkúta ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ pọ̀ lọ jàra. Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé, amọ̀ náà ni wọ́n sì fi ń kọ̀wé. Akọ̀wé yóò fi kálàmù tí wọ́n gé lára koríko etí odò tẹ àmì sára wàláà amọ̀ tútù, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ará Bábílónì ní tiwọn fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú amọ̀, títí di òní ni a sì ń kà á.

Hammurabi, ọba kẹfà nínú ìdílé rẹ̀, jọba láti nǹkan bí ọdún 1792 sí 1750 kí a tó bí Jésù. Ó mú kí wọ́n gbẹ́ òfin bíi 282 sára òkúta dúdú kan tó ga ju mítà 2 lọ. Àwọn ará Élámù kó òkúta náà ní ìkógun lọ sí Súsà, ní ilẹ̀ Ìránì òde òní. Ibẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ Faransé ti hú u jáde ní 1901 sí 1902. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Páríìsì ló wà báyìí.

Òfin kan níbẹ̀ sọ pé bí ọkùnrin bá mú obìnrin sílé láìṣe àdéhùn, obìnrin náà kì í ṣe aya rẹ̀. Ọkọ ń san owó orí, bàbá ìyàwó náà sì ń di ẹrù fún ọmọ rẹ̀. Bí ọkọ bá kọ aya tí kò bímọ fún un, ó gbọ́dọ̀ fún un ní iye owó orí rẹ̀, kí ó sì dá gbogbo ẹrù tó kó wá láti ilé bàbá rẹ̀ padà.

Bí àìsàn líle bá kọlu aya ńkọ́? Ọkọ lè fẹ́ ìyàwó mìíràn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lé ti àkọ́kọ́ jáde. Yóò máa bọ́ ọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí obìnrin náà kò bá fẹ́ dúró, yóò gba ẹrù rẹ̀, yóò sì máa lọ. Bàbá pàápàá kò lè déédéé sọ pé òun kọ ọmọ òun; àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, àṣìṣe ńlá àkọ́kọ́ sì ní ìdáríjì.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi oyin bo ìwo. Gbèsè lè mú kí ọkùnrin fi aya tàbí ọmọ rẹ̀ sìn ní ilé ẹlòmíràn fún ọdún 3 gbáko. Obìnrin tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó ń rìnrìn ìranù, tó sì ń tú ilé ọkọ rẹ̀ ká, odò ni wọn yóò jù ú sí. Ojú ọmọlúàbí àti ojú ẹrú kò sì dọ́gba níwájú òfin.

Kírúsì ọba Páṣíà gba Bábílónì ní ọdún 539 kí a tó bí Jésù. Ògiri wó, amọ̀ ìwé ṣẹ́kù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìfẹ́ ló ń so tọkọtaya pọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìfẹ́ bá tutù, tàbí tí àìsàn bá dé, àdéhùn tó ṣe kedere ni yóò gbèjà ẹni tí agbára rẹ̀ kéré.