Ta Ni Ó Yí Padà? Èdè Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ nípa Ẹranko àti Àyíká fún Ọmọdé ní Agbègbè Ìbà

1.0 Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa bí ara àti ìṣe ẹranko ṣe ń bá àyíká mu, àti bí àyíká fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà. Pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì ti kúrò ní ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970 ti fi èyí hàn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tí ó kù ni irú gbólóhùn Yorùbá tí ó yẹ kí olùkọ́ lò. Èrò wa ni pé gbólóhùn kan tí ó rọrùn láti sọ ń ṣi ọmọ lọ́nà, àti pé aburú ìṣìnà náà lè ba igbó wa pàápàá.

Ìlú Ìbà ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbà wà ní agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní àgbègbè tí igbó ìhà gúúsù àti ọ̀dàn ìhà àríwá ti ń pàdé. Ọmọ tí ó dàgbà níbẹ̀ mọ òjò, ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì mọ ọyẹ́. Ó mọ ìgbín, ó mọ agẹmọ, ó sì mọ lékèélékèé. Kò yẹ kí olùkọ́ tọ béárì inú yìnyín lọ kí ó tó rí ohun tí yóò fi ṣe àlàyé.

2.0 Gbólóhùn tí ó ń ṣini lọ́nà

Gbólóhùn náà nìyí: "Ẹranko máa ń yí ara rẹ̀ padà kí ó lè bá àyíká rẹ̀ mu." Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹranko ni olùwà. "Ara rẹ̀" ni àbọ̀. Awẹ́ gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ó lè" sì ń sọ ète. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò gbà pé ẹranko náà gbèrò, ó sì ṣe bí ó ti gbèrò.

Àlọ́ ti mú irú èrò yìí mọ́ ọmọ lára tẹ́lẹ̀. Nínú àlọ́ tí ó ń sọ ìdí abájọ, ẹ̀yìn ìjàpá kan fọ́ ní ọjọ́ kan, a tò ó pọ̀, gbogbo ìjàpá ayé sì di ẹlẹ́yìn títò láti ọjọ́ náà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Òyìnbó pàápàá ti ro ohun tí ó jọ èyí rí. Ní 1809, Lamarck, ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí ẹranko bá fi ìlò sọ ara rẹ̀ dà lè di ogún fún ọmọ rẹ̀. Ìwé tí Charles Darwin tẹ̀ jáde ní 1859 ni ó la ọ̀nà mìíràn.

3.0 Ìgbà mẹ́ta

Kí ọ̀rọ̀ tó lè yé ọmọ, ó yẹ kí a ya ìgbà mẹ́ta sọ́tọ̀.

3.1 Ìyípadà láàrin ọdún kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbín a wọ inú ìkarahun rẹ̀, a sì fi awọ funfun dí ẹnu rẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Bí òjò bá rọ̀, a jáde. Bí odò bá ń fà, ẹja àrọ̀ kì í tètè kú, nítorí ó ní ẹ̀yà ara kan tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́, yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń mí nínú omi. Lékèélékèé a dé sí ìhà gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì padà sí àríwá nígbà òjò. Ní ti agẹmọ, kì í ṣe nítorí àtifarapamọ́ nìkan ni ó ṣe ń pa àwọ̀ dà. Oòrùn, ìbínú àti ìpàdé akọ pẹ̀lú abo wà lára ohun tí ń fà á. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, a lè sọ pé ẹranko kan ṣe nǹkan tàbí pé ó yí padà. Ṣùgbọ́n agbára láti ṣe é, a bí i mọ́ ọn ni.

3.2 Ìyípadà láti ìran dé ìran. Àwọn àgbà ní, "Agẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ." Òwe yìí ya ohun tí a bí mọ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi ọwọ́ ara ẹni ṣe. Olùkọ́ lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Ní nǹkan bí 1955, ní agbègbè Ṣókótó, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rí i pé oògùn apakòkòrò dieldrin tí wọ́n ń fín sí ilé kò pa àwọn ẹ̀fọn kan tí ń gbé ibà kiri mọ́. Kò sí ẹ̀fọn kan nínú wọn tí ó kọ́ bí a ṣe ń mú oògùn mọ́ra. Láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọn, a rí ìwọ̀nba díẹ̀ tí a bí pẹ̀lú ara tí oògùn náà kò ràn. Àwọn yòókù kú. Àwọn díẹ̀ náà bímọ, ọmọ wọn sì jọ wọ́n.

Gbólóhùn tí ó bá èyí mu wà nínú èdè wa: "Èyí tí oògùn kò pa ni ó bímọ." Àkíyèsí alátẹnumọ́ ni. Iṣẹ́ "ni" níbẹ̀ ni láti yan ọ̀kan láàrin púpọ̀, irú yíyàn bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni à ń ṣàlàyé.

3.3 Ìyípadà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi tí a fi odindi igi gbẹ́ pàdé nínú ilẹ̀. Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ní ìgbà náà, òjò pọ̀ ní àríwá ju ti òde òní lọ. Adágún àti koríko wà ní ibi tí ó di aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ilẹ̀ Bìnì Olómìnira àti Tógò, níbi tí ọ̀dàn ti dé etí òkun tí ó sì pín igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì, igbó ti wà níbẹ̀ rí. Ó fi ọ̀dàn sílẹ̀ ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Ìbà tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ààlà igbó àti ọ̀dàn tí òun ń gbé kì í dúró sójú kan.

4.0 Ohun tí ìṣìnà náà lè bà jẹ́

Bí ọmọ bá gbà pé ẹranko a máa yí ara rẹ̀ padà bí ó bá ti wù ú, kí ni yóò kọminú sí nígbà tí a bá sun igbó? Yóò ní ẹranko á wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n awọ tí ìgbín fi dí ẹnu ìkarahun wà fún ọ̀dá. Kò lè gbà á lọ́wọ́ iná. Ẹ̀fọn a máa yé ẹyin púpọ̀, ọmọ rẹ̀ a sì dàgbà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà ìran rẹ̀ lè tètè bá àyíká titun mu. Erin a lóyún fún nǹkan bí oṣù 22 kí ó tó bí ọmọ kan. Ìyípadà tí ọwọ́ ènìyàn fà yára ju ohun tí ìran erin lè bá dọ́gba lọ. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Kí òmìnira tó dé ní 1960 ni ó ti wọ Nàìjíríà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkìrun, tó hẹ́kítà 75. UNESCO sì kà á mọ́ ogún àjogúnbá ayé ní 2005. Ó yẹ kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ṣì wà nítorí pé a kò gé igbó wọn.

5.0 Ìlànà fún olùkọ́

Kí olùkọ́ máa bi ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ẹranko kọ̀ọ̀kan: (i) Ta ni ó yí padà, ẹranko kan ni tàbí ìran rẹ̀? (ii) Báwo ni ó ti pẹ́ tó? (iii) Èwo ni ó kú, èwo ni ó bímọ? Kí a má ṣe lé àlọ́ jáde kúrò nínú kíláàsì. Kí a pa á, kí a sì fi àwọn ìbéèrè yìí yẹ̀ ẹ́ wò; ọmọ yóò mọ ohun tí a fi dá wa lára yá yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí.

Eré kan tún wà tí kò náni lówó. Kí olùkọ́ da ẹ̀wà funfun 20 àti ẹ̀wà pupa 20 sórí ilẹ̀ pupa. Kí àwọn ọmọ ṣe bí adìẹ, kí wọ́n máa ṣa èyí tí ojú wọn bá kọ́kọ́ rí, títí yóò fi ku 20. Kí a wá fi ẹyọ kan tí ó jọ ọ́ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí ó kù, kí a da gbogbo wọn sílẹ̀, kí a sì tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ó dájú pé pupa yóò ti pọ̀ ju funfun lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀wà kan tí ó pa àwọ̀ dà.

6.0 Ìkádìí

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, a fagi lé ìlànà náà. Ohun yòówù tí ìwé òfin bá wí, Yorùbá ni olùkọ́ ní Ìbà yóò sá tọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. A ti gbìyànjú láti fi hàn pé irinṣẹ́ tí ó tọ́ wà nínú gírámà èdè náà. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni láti bá àwọn onísáyẹ́ǹsì jókòó, kí a jọ yan irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kíkà àwọn ọmọ.