Ìwé-Àṣẹ Ètò Kọ̀ǹpútà àti Òwò
Ìwé-àṣẹ ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣí sílẹ̀ kò ka òwò léèwọ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Irú ti Apache gba oníṣòwò láyè láti fi àtúnṣe tirẹ̀ pamọ́. Irú ti GPL pàṣẹ pé ẹni tí ó bá pín ètò náà gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kún un.

Abẹ́ Apache ni ilé-iṣẹ́ Elastic fi Elasticsearch sí. Amazon sì ń fi í pawó lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní 2021, Elastic yí ìwé-àṣẹ náà padà. Amazon mú ẹ̀dà tí ó gbẹ̀yìn lábẹ́ Apache, ó sọ ọ́ di OpenSearch. Ẹyin ni ohùn: àṣẹ tí a ti yọ̀ǹda kò ṣeé gbà padà. Nítorí náà, kí oníṣòwò tó ṣílẹ̀kùn, kí ó ti mọ ohun tí òun yóò máa tà.