Ẹ lè fi kọ̀ǹpútà wo kámẹ́rà ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí ti ilẹ̀kùn

Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ti kúrò ní nǹkan tí báńkì àti àwọn olówó nìkan ń lò. Ìyá ọlọ́mọ ń fi í ṣọ́ ọmọ tó sùn sí yàrá, ẹlòmíì sì ń fi í ṣọ́ bàbá àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, kó lè tètè mọ̀ bí bàbá bá fẹ́ dá dìde. Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó, wọn kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó wà nílé lè ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwòrán sì tóbi dáadáa.

VLC tí ọ̀pọ̀ yín fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà lẹ máa lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ École Centrale ní ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1996, ọ̀fẹ́ ló sì jẹ́ títí dòní.

Kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà. Ẹ ṣí áàpù kámẹ́rà yín lórí fóònù, ẹ wá àdírẹ́sì rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà ni, 192.168 ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti tan RTSP. Èyí ni ọ̀nà tí àwòrán ń gbà jáde nínú kámẹ́rà, 554 sì ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí kò ní in rárá, torí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí VLC, ẹ tẹ Media, kí ẹ tẹ Open Network Stream. Ẹ kọ rtsp://, kí ẹ fi nọ́ńbà kámẹ́rà tẹ̀ lé e, kí ẹ wá kọ :554/ àti ìyókù tó wà nínú ìwé tó bá kámẹ́rà yín wá, nítorí ti kálukú yàtọ̀. Ẹ tẹ Play. Bó bá bi yín ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọ́ síbi tó ti béèrè, ẹ má kọ ọ́ mọ́ àdírẹ́sì, kí ẹlòmíì má bàa kà á. Àwòrán lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì pẹ́ lẹ́yìn, ẹ má rò pé ó bàjẹ́.

Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé, bí ẹ bá wà nílé, àwòrán yìí kì í jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti kámẹ́rà sí ráútà, láti ráútà sí kọ̀ǹpútà ló ń rìn, kò ní jẹ dátà yín. Bí dátà bá tilẹ̀ tán, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, ẹ óò máa rí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí onílé ń gbà wọlé, olè náà lè gbà á. Lọ́dún 2012, àwòrán inú ilé láti inú kámẹ́rà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 bọ́ sí gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjèjì sì ń wo ọmọ ọwọ́ tó ń sùn. Àbùkù inú kámẹ́rà ló fà á. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Mirai gba àìmọye kámẹ́rà àti ráútà mọ́ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé pásíwọ́ọ̀dù tó bá wọn ti ilé-iṣẹ́ wá ni wọ́n ṣì ń lò. Ìdí nìyí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka pásíwọ́ọ̀dù tó rọrùn láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2024.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ra kámẹ́rà ni kí ẹ pa pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ dà. Bí áàpù bá ní kí ẹ ṣe àtúnṣe sí i, ẹ ṣe é. Ẹ má gbà kí oníṣẹ́ ṣí 554 sílẹ̀ lórí ráútà fún gbogbo ayé torí pé ẹ fẹ́ máa wo ilé láti ibi iṣẹ́. Ẹ má gbé e sí ilé ìwẹ̀ tàbí ibi tí èèyàn ti ń bọ́ṣọ, kí ẹ sì sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kámẹ́rà lè fi hàn yín pé ọmọ ń sunkún, ṣùgbọ́n kò lè gbé e pọ̀n. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ dìde lọ bá a.