Ṣé Kí N Kó Àwọn Ọmọ Lọ Síbi Àjọ̀dún Fort Bridger?

Arábìnrin kan nínú yín tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Utah kọ̀wé sí mi pé àwọn aládùúgbò òun ní kí òun kó àwọn ọmọ wá síbi àjọ̀dún Fort Bridger ní Wyoming, lópin ọ̀sẹ̀ Labor Day, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí àwọn òyìnbó ti ń wọ awọ ẹran, tí wọ́n ń ju àáké, kí ni ọmọ tèmi fẹ́ wá débẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni.

Ọjà kan ni wọ́n ń fi àjọ̀dún náà rántí. Ní 1825, oníṣòwò awọ kan, William Ashley, pàdé àwọn ọdẹ rẹ̀ létí odò Henrys Fork, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Fort Bridger òde òní. Beaver ni wọ́n ń dẹ pàkúté fún, ẹranko inú omi tó ń fi eyín gé igi, torí irun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fìlà àwọn ọlọ́lá nílùú òyìnbó. Wọ́n kó awọ sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀tù, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọbẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún ni irú ọjà yìí ń wáyé títí di 1840, nígbà tí beaver ti wọ́n lódò, tí fìlà sílíìkì sì ti gbòde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pàgọ́ síbẹ̀ lónìí fi ń lo aṣọ àti irinṣẹ́ tó ti wà ṣáájú 1840. Ẹ̀yin olùwòran lè wọ ohun tó bá wù yín.

Ọ̀pọ̀ ló ń lọ torí àtirajà. Ìdíje ni kí ẹ lọ wò, pàápàá ti iná dídá. Ẹni tó ń díje á mú irin líle lọ́wọ́ kan, akọ òkúta lọ́wọ́ kejì, á fi irin ṣá etí òkúta. A máa ń rò pé òkúta ló ń tanná, rárá o. Òkúta ń ha irin ni, èérún irin tó bọ́ ló ń gbiná bó ṣe kan atẹ́gùn. Aṣọ òwú tí wọ́n ti sun di dúdú nínú agolo tí wọ́n dé pa ló ń gba ìpẹ́pẹ́ iná yẹn. Kì í jó lálá, ńṣe ló ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gbé e sáàárín koríko gbígbẹ tí wọ́n ká bí ìtẹ́ ẹyẹ, wọ́n á rọra máa fẹ́ ẹ títí iná á fi là. Ẹni tí koríko rẹ̀ bá tutù, ó ti wọ gàù! Ọdẹ tó já sódò nígbà òtútù nígbà náà, tí kò rí iná dá, ó lè má rí ojúmọ́. Ọdún 1827 ni ìṣáná òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́jà. Àwa náà, ẹ gbọ́ orúkọ tí a ń pè é: ṣá, iná.

Ìbọn tí wọ́n fi ń díje níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ṣakabùlà ni. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ń gbà rọ ẹ̀tù, wọ́n á fi ọ̀pá ti ọta wọlé, òkúta á sì tún ṣá irin. Ní ti àáké jíjù, ibi téèyàn dúró sí ṣe pàtàkì ju agbára lọ, torí àáké gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré kó tó kan igi.

Ó wá ku ti ọmọ yín. James Beckwourth, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú ẹrú ní Virginia, bá àwọn èèyàn Ashley lọ sórí òkè ní 1824. Ó gbé láàárín ẹ̀yà Crow fún ọdún púpọ̀. Ọ̀nà tó rí la òkè Sierra Nevada kọjá ní 1850 ṣì ń jẹ́ Beckwourth Pass. Ilẹ̀ àwọn Shoshone sì ni agbègbè Fort Bridger. Obìnrin irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ló ń ha awọ, ló ń rán aṣọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ìyàwó àwọn ọdẹ. Tí ẹ bá pàdé ẹni tó ń ròyìn bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín béèrè Beckwourth lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kó wọn lọ, arábìnrin. Ẹ di aṣọ òtútù dání o: ibẹ̀ ga ju 2,000 mítà lọ, alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe alẹ́ Ìbàdàn.