Ráútà àti Switcher: Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Méjì Nínú Ìsìn Wa

Ní ìsìn ìsìnkú kan nínú ìjọ wa ní Ìpájà, ọmọ olóògbé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wo ìsìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àlùfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìkẹyìn, ẹnu ọ̀nà ọgbà ni ó rí dípò pósí bàbá rẹ̀. Kámẹ́rà kò bàjẹ́, iná kò sì lọ. Àìmọ ìyàtọ̀ ẹ̀rọ méjì ló fà á, ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àlàyé yìí.

Switcher ni ẹ̀rọ tí a fi ń yan àwòrán tí ìjọ yóò rí, tí a sì fi ń gbé ọ̀rọ̀ orin lé e lórí. Ráútà kì í po àwòrán pọ̀. Ṣe ni ó ń darí ohun tó wọlé sí ibi tí a bá fẹ́. Ẹ wo Ìyànà Ìpájà: èrò dé láti ibi gbogbo, oníkálukú sì wọ ọkọ̀ Ayọ̀bọ̀, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ráútà rí, àfi pé àwòrán kan lè wọ ọkọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Switcher bíi ATEM Television Studio HD8 ti ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ní ojú ìwọlé 8. Bí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà wa bá jẹ́ 12, kò ní tó. Kí a tó ná owó ìjọ lórí èyí tó tóbi jù, a lè so 4 tó ṣe pàtàkì jù lọ mọ́ ojú 1 sí 4 tààrà. Kí 8 yòókù gba inú ráútà, kí ó máa fi 4 tí a bá nílò nínú wọn ránṣẹ́ sí ojú 5 sí 8. Ráútà kan náà lè gbé àwòrán tí a yàn lọ sí yàrá àwọn ìyá ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Èkíní, ẹ má ṣe yí ráútà padà lórí ojú tí ìjọ ń wò lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn: ọ̀dọ́ tó wà nídìí ráútà fẹ́ wo ẹnu ọ̀nà, ó sì lo ojú 6, láìmọ̀ pé òun ni ó wà lójú ayé. Èkejì, bí a kò bá so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, orúkọ lórí switcher kò ní yí padà. “Pósí” ṣì ni a kọ sí ojú 6. Ẹ pè é ní “Ráútà 2”, kí ẹ sì wo àwòrán gan-an kí ẹ tó yàn án. Ẹ̀kẹta, bí iná ráútà bá kú, gbogbo ohun tó gba inú rẹ̀ kú. Ẹ so ó mọ́ bátìrì, ẹ má sì ṣe gba kámẹ́rà orí pẹpẹ ibẹ̀.

A fi fídíò ìsìn náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà. Ohun tí switcher yàn ni a gbà sílẹ̀, nítorí náà, ẹnu ọ̀nà náà ni ó tún bá níbẹ̀. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo sídìí ráútà, kí ó má sì fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹni tó wà nídìí switcher sọ fún un.