Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Kọ̀ǹpútà Bi Akọ̀wé Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí akọ̀wé yín bá ń fi Excel ṣe ìwé owó lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ kò tíì wọ inú fáìlì títí yóò fi fi í pamọ́. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ pa ìwé náà dé, Excel yóò bi í léèrè bóyá kí òun fi àtúnṣe náà pamọ́. Ìbéèrè yìí tọ́. Bí ó bá dáhùn pé rárá, owó tí ẹ san lónìí lè má sí nínú ìwé lọ́la.

Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní ìṣirò TODAY, tí ń mú ọjọ́ òní jáde, Excel a máa bèèrè bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan. Ẹni tí a ń bi ní ìbéèrè asán lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ dẹni tí ń dáhùn láìkà á. Ibẹ̀ ni ewu wà. Google Sheets kì í bèèrè ní tirẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wà, ó ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀.

Iná mọ̀nàmọ́ná kì í bèèrè kí ó tó lọ. Kí akọ̀wé máa tẹ Ctrl àti S pọ̀ lẹ́yìn owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.